Bí A Ṣe Pààrọ̀ Rọ́bà Iwájú Ìjàpá Bàbá Mi

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà ní agbo ilé wa ní ìlú Ara, nítòsí Èjìgbò, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Volkswagen kékeré ni, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá. Ẹni tí ó bá ti rí i rí yóò mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá ahun, ẹ̀yìn yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni a sì ń kó ẹrù sí. Kì í yára púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá forí lé ni ó ń dé.

Owó Údójì ni bàbá mi fi rà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì dáyé nígbà náà, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè. Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dábàá pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1975, owó gọbọi bọ́ sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn kan fi ra rédíò ńlá, àwọn mìíràn sì fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tọ́jú tirẹ̀, ó yá díẹ̀ kún un, ó sì ra Ìjàpá ní ọdún 1976. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Èkó, nítorí náà a lè sọ pé ọmọ Èkó ni Ìjàpá tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì ni ìran rẹ̀ ti wá.

Ọdún mọ́kànlá ni ó fi sìn wá kí wàhálà tó dé. Nígbà òjò ọdún 1987, a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ariwo lábẹ́ iwájú rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń lọ lórí ọ̀dà tí ó tẹ́jú, a kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá ti wọ kòtò báyìí, a ó gbọ́ kò! kò! kò!, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi ọmọ odó gbá ẹ̀gbẹ́ odó tí kò sí iṣu nínú rẹ̀. Bí bàbá mi bá sì yí sítíárìn láti yà sí ọ̀nà kan, ọkọ̀ náà yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tí ó mu ẹmu yó.

Bí ó bá jẹ́ pé àwa ọmọ nìkan ni à ń wọ ọkọ̀ náà, ariwo yìí kì bá tí jẹ́ nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi ti ṣubú ní ẹ̀yìn ilé ní oṣù kárùn-ún ọdún yẹn, egungun itan rẹ̀ sì ti kán. Ilé ìwòsàn àwọn Bápítíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa gbé e padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n lè máa wo bí egungun náà ṣe ń so pọ̀. Láti Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí egungun rẹ̀ kán kì í fi kìlómítà wọn ọ̀nà. Kòtò ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo ìgbà tí iwájú ọkọ̀ bá kan kò! ni Ìyá Àgbà máa ń di ọwọ́ bàbá mi mú, kì í sì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó ń ba bàbá mi nínú jẹ́ ju bí ó bá tilẹ̀ ké lọ.

Bàbá mi gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ọkùnrin náà wà á yí ọgbà rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì ní axle iwájú ti kú. Ó ní a ó pààrọ̀ rẹ̀ pátá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà yóò yọ lọ́jọ́ kan. Kò dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà rárá. Iye owó tí ó dá lé e tó owó oṣù bàbá mi lọ́nà mélòó kan. Ẹ rántí pé oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni ìjọba gbé ètò pàṣípààrọ̀ owó tuntun kalẹ̀, lábẹ́ ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Láti ìgbà náà ni náírà ti ń já wálẹ̀, tí gbogbo ohun tí ó bá ti òkè òkun wá sì ń gbówó lórí. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà lára wọn. Ẹni tí kò lè ra ọkọ̀ tuntun mọ́ ti wá di ẹni tí kò lè tún ògbólógbòó tirẹ̀ ṣe.

Bí ó ti ń ronú ni ọkùnrin kan tí ń ra àlòkù ọkọ̀ gbọ́, ó sì wá sí ilé wa. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà iwájú, ó mi orí, ó sì dá iye kan tí kò tó ìdajì ohun tí ọkọ̀ náà tọ́ sí. Ó ní òun yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbọ́ tí òun àti ìyá mi ń jíròrò rẹ̀ lálẹ́. Bí a bá ta Ìjàpá, ọkọ̀ akérò ni Ìyá Àgbà yóò máa wọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ènìyàn mẹ́rin ti ń fún ara wọn pọ̀ lórí àga kan.

Ọdún Ògìyán ni ó yọ wá. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká yóò mọ̀ pé kò sí agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni wọ́n ti ń gba Kútọnu àti Lómè kọjá lọ ṣòwò níbẹ̀, débi pé ẹ lè gbọ́ èdè Faransé ní àárín ọjà Èjìgbò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàbá Àbíjàn ni àwa ọmọ ń pè é. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ṣe fún ọdún púpọ̀ níbẹ̀, ó sì wá sílé láti jẹ iyán iṣu tuntun ọdún náà.

Ọjọ́ tí ó wá kí wa ní Ara, bàbá mi fi Ìjàpá gbé e láti Èjìgbò. Kí wọ́n tó dé ilé ni ó ti béèrè pé, "Tíṣà, kí ni ó ń ké lábẹ́ iwájú ọkọ̀ yín yìí?"

Bàbá mi dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní axle ni. Mo ti fẹ́ máa tà á."

"Ta ni ó dùbúlẹ̀ wò ó?"

Bàbá mi kò rí èsì fún ìbéèrè yẹn.

Bàbá Àbíjàn kò jẹun kí ó tó bọ́ agbádá rẹ̀. Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sí abẹ́ ọkọ̀, ó sì wọ ibẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni mo ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ké títí di òní: ohun gbogbo tí ó lè mì ni ó fi ọwọ́ mì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó dá ẹjọ́. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín síwá sẹ́yìn, kò jo. Ó di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kò jo. Ó tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, ó sì fi í sílẹ̀. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró, èyí tí ó fi hàn pé ṣọ́ọ̀kì kò tí ì kú. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí ọ̀pá irin kan tí ó dábùú abẹ́ iwájú ọkọ̀ láti táyà kan dé èkejì, ó sì jù ú mì. Kò! kò! kò! Ariwo tí à ń gbọ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọwọ́ ènìyàn kan ni ó ń mú un jáde, ọkọ̀ sì dúró sí ojú kan.

Ó pè mí wọ abẹ́ ọkọ̀ kí n wá wò ó. Ọ̀pá náà, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sitabiláísà, nípọn tó ìka ọwọ́. Orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sẹ́yìn, a sì dè wọ́n mọ́ apá irin ìsàlẹ̀ tí ó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ní ojú méjì lápá ọ̀tún àti méjì lápá òsì. Láàárín irin àti irin, rọ́bà kan wà tí ó yẹ kí ó di ọ̀pá náà mú ṣinṣin. Rọ́bà mẹ́rin péré. Bàbá Àbíjàn ń pè é ní silentbloc gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Àbíjàn, àwa sì ń pè é ní rọ́bà sitabiláísà. Orúkọ yòówù kí ó jẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwa ti rà. Ọ̀kan ti wú bí búrẹ́dì tí ó bọ́ sínú omi, ìdajì ọ̀kan ti jábọ́, àwọn méjì tí ó kù ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Mo bi í pé kí ni iṣẹ́ ọ̀pá náà gan-an. Ó ní kí n mú aṣọ ìnura kan wá, kí n rẹ ẹ́ sínú omi. Ó di orí kan mú, ó ní kí n di èkejì mú. Ó ní kí a jọ gbé e sókè pọ̀. Aṣọ náà kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yí orí tèmi síwájú, òun yí tirẹ̀ sẹ́yìn. Aṣọ náà lọ́, ó le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ọwọ́ mi padà. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ó wí. Bí táyà méjèèjì bá gun òkè pọ̀, ọ̀pá náà kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì kò gòkè, tàbí tí ọkọ̀ bá ń yà tí ara rẹ̀ sì fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá náà yóò lọ́, yóò sì máa fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì padà sí déédéé. Nígbà tí rọ́bà bá ti jẹ tán, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pá. Yóò kọ́kọ́ sáré nínú àyè náà, yóò fi orí gbá irin, kí ó tó rántí iṣẹ́ tí a gbé e sí. Ìdí nìyí tí ó fi ń ké nínú kòtò, ìdí kan náà nìyí tí ọkọ̀ fi ń fì bí ọ̀mùtí.

Mo ti kà á láti ìgbà náà pé ará Kánádà kan, Stephen Coleman, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1919. Volkswagen kò sì fi í sí iwájú Ìjàpá títí di ọdún 1959. Àwọn tí ó wa Ìjàpá ṣáájú ìgbà náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọlọ́kàn líle.

Kí ni ó ba rọ́bà wa jẹ́? Ìtọ́jú ni, ó sì yà mí lẹ́nu. Iwájú Ìjàpá ní ojú ihò mẹ́rin tí a máa ń fún girísì sí. Bí girísì tuntun bá wọlé, ti àtijọ́ yóò tú jáde ní orí apá irin, yóò sì máa ṣàn sí ara rọ́bà. Àwọn tí ń bá wa fún un kò jẹ́ nu èyí tí ó tú jáde. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé bí ó bá ti ń dán tó ni iṣẹ́ dára tó. Bẹ́ẹ̀ ni girísì àti epo ọkọ̀ jẹ́ ọ̀tá rọ́bà tí ó ti ara igi wá. Wọn a máa wọ inú rẹ̀, wọn a mú un wú, wọn a sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe ìyókù.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Igi ìrẹ́ tí ó wà nínú igbó wa máa ń sun oje funfun tí ó ń di rọ́bà. Ní ọdún 1895, rọ́bà tí wọ́n kó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ igi náà kọ ọ́ ní ìkọ ìpa, kò sì ju ọdún díẹ̀ lọ tí igi ìrẹ́ fi di ohun tí a ń wá kiri. Igi tí ó ti Brazil wá ni a ń gbìn fún rọ́bà nísinsìnyí. Oje igi nìkan kì bá sì lè gbé ọkọ̀. Charles Goodyear, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní ọdún 1839 pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, kò ní máa yọ́ nínú ooru mọ́.

Nígbà tí àṣírí ti tú, ìbéèrè tí ó kù ni ibi tí a ó ti rí rọ́bà mẹ́rin. Fọkanáísà kan ní àdúgbò wa ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, òun yóò gé e láti ara táyà àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì bá wọn wí, nítorí ẹni tí kò rí adìyẹ ni ó ń fi ẹyin bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n Bàbá Àbíjàn kọ̀. Ó ní okùn wà nínú táyà, ó sì le jù. Yóò di ọ̀pá mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gba ìjà mọ́ ọn lára, ariwo yóò sì padà kí oṣù tó yí po. Ó yọ ọ̀kan nínú rọ́bà náà, ó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ wé ojú ibẹ̀ kí bàbá mi lè máa rí i wà lọ sí ilé-ìwé, ó sì ní kí n lọ sí Ìbàdàn lọ rà á.

Ó fún mi ní ògbólógbòó rọ́bà náà nínú bébà, ó tún fún mi ní igi kékeré kan tí ó fi ọ̀bẹ fá títí ìnípọn rẹ̀ fi ṣe déédéé ti ọ̀pá irin. Mo rò pé rọ́bà nìkan ti tó. Ó ní rárá, ihò inú rọ́bà tí ó ti jẹ ti fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí mo bá fi í ṣe òdiwọ̀n, èyí tí ó jo ni wọn yóò tà fún mi. Igi ni kí n tì bọ inú tuntun. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, kí n dá a padà. Bí ó bá fún mọ́ ọn, kí n sanwó.

Ọgbọ́n yìí wúlò. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún mi ní rọ́bà kan tí ó dán gbinrin, ó búra pé ti Ìjàpá ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti Ìjàpá 1302 ni, èyí tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kò rí bí ti tiwa. Igi mi jábọ́ nínú rẹ̀. Ẹni kẹta ni ó ní ohun tí mo ń wá, nínú agolo kan lábẹ́ àga rẹ̀. Rọ́bà nìkan ni ó ní, kò ní àwọn ìdè irin rẹ̀. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú owó ọkọ̀ mi àlọ àti àbọ̀, kò tó ohun tí mẹkáníìkì yẹn yóò gbà fún yíyọ táyà lásán.

Ọjọ́ Sátidé ni a ṣe iṣẹ́ náà. A gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, a dẹ bọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé e sókè. Bàbá Àbíjàn gbé ìtì igi méjì tí ó ga bákan náà sí abẹ́ axle, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé wọn. Ó fi gbogbo ara mì ín kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ ẹni tí jáàkì yẹ̀ mọ́ lórí ní Àbíjàn, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí a kò tún ẹ̀gbẹ́ kan ṣe tán kí a tó gbé èkejì sókè, nítorí jáàkì kan ni a ní. Ó rán mi létí aṣọ ìnura. Bí táyà kan bá wà nílẹ̀ tí èkejì wà lókè, ọ̀pá ti lọ́ nìyẹn, ó ti ń bínú. Bí a bá tú ìdè rẹ̀, yóò ta kúrò ní àyè rẹ̀, agbára ènìyàn mẹ́ta kò sì ní lè dá a padà sójú ihò. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá rọ̀ bákan náà, ọ̀pá yóò sinmi, ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e.

Ìdè náà ni ó gba àkókò wa jù. Irin pẹlẹbẹ kan tí a ká bí ìdajì òrùka ni ó yí rọ́bà ká, páànù kékeré kan sì wà tí a fi há etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ahọ́n kan wà ní orí páànù yìí tí a tẹ̀ kí ó má baà yọ. Kò sí bọ́ọ̀tì, kò sí nọ́ọ̀tì. Síbẹ̀ bọ́ọ̀tì kì bá tí yọ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. A da kẹrosíìnì sí i, a jẹ iyán, a padà wá. Bàbá Àbíjàn fi òòlù àti irin ìgbẹ́ tẹ ahọ́n náà sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń lu páànù jáde bí ẹni ń lu ẹ̀pà. Mẹ́ta jáde láyọ̀. Ẹ̀kẹrin kán sí méjì.

Ìyá Àgbà wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ iwájú. Nígbà tí ó rí i pé gbogbo wa dákẹ́, ó ní, "Àna wa, ṣé bí wọ́n ṣe ṣe tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà nìyí? Bí egungun rẹ̀ bá kán, ẹ gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ."

Àwàdà ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe nìyẹn. Mo mú páànù tí ó kán lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú wa. Ọkọ́ àti àdá ni ó ń rọ. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó to ó pọ̀ lórí owú, ó sì rí i pé ẹnu rẹ̀ kan fẹ̀, èkejì fún. Ó ní, "Ẹni tí ó ṣe èyí gbọ́n. Bí o bá ti ń lù ú lọ ni yóò máa fún ara rẹ̀." Ó gé irin láti ara bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó fi iná sí i, kí oòrùn tó yẹ àtàrí ni mo ti gba páànù tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóná síbẹ̀. Ó kọ owó. Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé ẹni tí ó kọ́ ọmọ òun ní ìwé ti san án.

Fífi rọ́bà tuntun sí i kò le bí yíyọ ti àtijọ́. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára ọ̀pá, a fi omi ọṣẹ fọ gbogbo girísì dànù. Mo ti na ọwọ́ sí agolo girísì kí rọ́bà lè yọ̀ wọlé, bí mo ti ń rí i tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe, ṣùgbọ́n Bàbá Àbíjàn nawọ́ sí kànrìnkàn. Omi ọṣẹ ni ó fi pa inú rọ́bà. Omi ọṣẹ yóò gbẹ, yóò fi rọ́bà sílẹ̀ bí ó ti bá a. Rọ́bà kọ̀ọ̀kan ní ojú kan tí a là. A ya ojú náà, a fi gun ọ̀pá, ó sì padé. Bàbá Àbíjàn fi irin onírun-gọ̀ọ́ńgọ̀ tí ó mú ti Àbíjàn wá fún òrùka pọ̀ títí etí rẹ̀ fi kan ara wọn, bàbá mi fi òòlù lu páànù wọ̀ ọ́, èmi sì tẹ ahọ́n rẹ̀ dà. Páànù alágbẹ̀dẹ ni ó wọlé dáadáa jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí a tún di ọ̀pá náà mú tí a jù ú mì, kò sí ohun tí ó ké. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó mì.

Bàbá mi wà á lọ sí ọ̀nà Èjìgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa sì wọ̀ ọ́. Ó mọ gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn bí ó ti mọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò sì yẹ̀ fún ọ̀kankan. Lóòótọ́, Ìjàpá kò di ọkọ̀ tuntun. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì ń gbọ̀n, kòtò ńlá ṣì ń gbé wa sókè. Ṣùgbọ́n kò! kò! kò! ti lọ. Nígbà tí a sì yà ní oríta, ọkọ̀ náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e ni a gbé Ìyá Àgbà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀, mo gbé ìrọ̀rí sí abẹ́ itan rẹ̀, mo sì ń retí ìgbà tí yóò di ọwọ́ bàbá mi mú. Láàárín ọ̀nà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn bí òun ti máa ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí kan náà lọ ta ẹ̀kọ nígbà tí òun wà ní wúńdíá. Kò tí ì parí rẹ̀ tí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìjàpá náà ni ó gbé e lọ gbé e bọ̀ títí ó fi ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ nù ní oṣù kejìlá. A ṣì ń lò ó nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991. Ní ti irú rẹ̀, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù mọ́kànlélógún ó lé káàkiri àgbáyé.

Ọkùnrin tí ń ra àlòkù ọkọ̀ kò gbàgbé wa. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ó mú owó lọ́wọ́. Bàbá mi fún un ní obì, ó sì sọ fún un pé ọkọ̀ kò sí fún títà mọ́. Ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi ní kí ó wọlé, ó sì wà á yí ìlú ká. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó béèrè ibi tí mo ti ra rọ́bà náà ní Ìbàdàn, nítorí pé ọkọ̀ tirẹ̀ náà ti ń kan kò! kò! kò! láti bí oṣù mẹ́rin. Mo fún un ní igi mi.